Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mo sọ .jpg di .pdf, kò ṣí mọ́

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí mi ránṣẹ́, àmọ́ PDF nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo yọ .jpg kúrò ní orúkọ rẹ̀, mo fi .pdf sí i. Kò ṣí mọ́. Kí ni mo lè fi tún un ṣe?

Ìdáhùn: Fáìlì yín ò bàjẹ́. Ẹ dá .jpg rẹ̀ padà, á ṣí. Ẹ má sì fowó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín tún un ṣe. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn lórí ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ rò pé ìrù orúkọ, ìyẹn lẹ́tà tó tẹ̀lé àmì ìdánudúró, ló sọ fáìlì di ohun tó jẹ́. Rárá o. Ẹni tó pààrọ̀ èèpo ìwé kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Báìtì (nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n fi kọ fáìlì) tó ṣáájú nínú fáìlì ni kí ẹ wò: FF D8 FF ni ti JPEG, %PDF ni ti PDF. Ẹ fi Notepad ṣí PDF gidi kan, ẹ óò rí %PDF-1.7 tàbí nọ́ńbà mìíràn lókè pátápátá. Ẹ wá fi ṣí tiyín. Wúruwùru ni, ṣùgbọ́n JFIF tàbí Exif, àmì tí wọ́n ń rí nínú fọ́tò JPEG, sábà máa ń yọjú níbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ṣì ni. Ẹ má tẹ Save o! Ìyẹn gan-an ló lè bà á jẹ́.

Ẹ̀bi yín nìkan kọ́. Ìrù yìí ni Windows ń wò kó tó yan ètò tí á ṣí fáìlì, bẹ́ẹ̀ láti 1973 ni Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ti ní àṣẹ kan, file, tó ń yẹ inú fáìlì wò. Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà yẹ méjèèjì wò, kó sì kìlọ̀ tí wọn ò bá bára mu. Inú nìkan ò tó: PK ni .docx, ìyẹn ìwé Word, fi ń bẹ̀rẹ̀ bíi ti ZIP, fáìlì tó ń kó ọ̀pọ̀ fáìlì sínú ẹyọ kan, torí ZIP náà ni. Ẹ̀yin tiẹ̀ ń rí ìrù. Windows ń fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní oṣù Karùn-ún 2000, ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ fáìlì kan, LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs, torí .TXT ló hàn sí wọn, .vbs fara pamọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Láti gba PDF, ẹ ṣí fọ́tò náà, ẹ tẹ Print, ẹ mú Microsoft Print to PDF. Mi ò rí fáìlì yín. Bí ẹ bá dá .jpg padà tí kò sì ṣí, ìṣòro mìíràn nìyẹn, ẹ má pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ́. Ìwé ẹ̀rí ni: ẹ má gbé e sórí ìkànnì tí ẹ ò mọ̀, tó ní òun ń sọ fọ́tò di PDF lọ́fẹ̀ẹ́.