Ìbéèrè Yín Lórí Aṣọ Ìbora Alárànpọ̀

Bí Iléyá bá ti kọjá, tí wọ́n sì ti ṣe Ojúde Ọba tán, àpò ègé aṣọ máa ń kún lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ àwọn télọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Púpọ̀ nínú yín ló ń fi ègé wọ̀nyẹn rán aṣọ ìbora tí Òyìnbó ń pè ní kúílìtì: ègé tí a rán pọ̀ ló wà lójú, aṣọ odindi ló wà lẹ́yìn, nǹkan fẹ́lẹ́ wà láàrin, a sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra. Àwọn ìbéèrè tó wọlé nìyí. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àpò ìrẹsì méjì ni mo ní tó kún fún ègé aṣọ ẹgbẹ́ wa láti ọdún dé ọdún: àǹkárá, léèsì, aṣọ òkè. Ṣé gbogbo rẹ̀ lè bọ́ sínú aṣọ kan ṣoṣo? (Ìyá kan nínú Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ìtọ́jú aṣọ, Ìyá wa. Rárá o, gbogbo rẹ̀ kọ́. Àǹkárá tó jẹ́ òwú gidi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣà sọ́tọ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi iná ìṣáná kàn án. Òwú á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fọ́ láàrin ìka. Èyí tó bá yọ́, tó di kóró líle, pọliẹ́sítà ni. Òwú máa ń súnkì bí omi bá kàn án, pọliẹ́sítà kì í súnkì. Bí ẹ bá rán méjèèjì pọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ aṣọ náà ni ojú rẹ̀ á hunjọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tẹ́ ẹ mọ́.

Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé kí ẹ fọ ègé kí ẹ tó gé e. Ẹ kó àwọn kéékèèké sínú àpò ìrọ̀rí, kí ẹ so ẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí wọn á tú, òwú á sì so wọ́n kọ́ra. Ẹ sá wọn, kí ẹ lọ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbẹ tán.

Léèsì ní ihò, ohun tó wà láàrin á máa yọjú. Bí ó bá wù yín, ẹ tẹ́ ẹ lé orí ègé òwú tó bá a dọ́gba, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so méjèèjì pọ̀ létí, kí ẹ wá máa lò wọ́n bí ẹyọ kan. Aṣọ òkè ló nira jù. Ó ki, etí rẹ̀ ń tú kíákíá, òwú dídán inú àwọn ti ìsinsìnyí sì máa ń yọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lẹ gọ́ọ̀mù sitéè (aṣọ ìtìlẹ́yìn tó ní gọ́ọ̀mù lójú kan) mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì fi ìdajì ínṣì sílẹ̀ fún ojú rírán. Lójú tiwa, ìrọ̀rí tàbí àpò ni kí ẹ fi í rán, kí ẹ jẹ́ kí àǹkárá nìkan wà nínú aṣọ ìbora.

Bí ẹ bá sì rí aṣọ olónà Ìjẹ̀bú nísàlẹ̀ àpò, irú èyí tó ní ṣẹ́ṣẹ́ òwú lára, ẹ má fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ìtagbè, aṣọ èjìká àwọn olóyè Òṣùgbó (Ògbóni Ìjẹ̀bú), wà lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tó ni ín.

Ẹ jọ̀ọ́, yáàdì mélòó ni mo máa rà fún èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 60, tó sì gùn ní ínṣì 80? Télọ̀ ní mẹ́wàá, ẹni tó ń ta aṣọ ní mẹ́fà. (Arábìnrin kan, Ṣàgámù)

Télọ̀ ló sún mọ́ ọn. Bí ègé onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan yóò bá jẹ́ ínṣì 5 nígbà tó bá parí, ínṣì 5½ ni ẹ máa gé e, torí ojú rírán á mú ìdámẹ́rin ínṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ nílò 12 ní ìbú àti 16 ní òró, ìyẹn 192. Yáàdì kan àǹkárá tó fẹ̀ ní ínṣì 45 á fún yín ní 8 ní ìbú, 6 ní òró: 48. Yáàdì 4 géérégé nìyẹn. Ẹ fi ìdajì yáàdì kún un fún àṣìgé. Bí ègé ọ̀dọ̀ télọ̀ bá tó, ẹ ò ní ra ìkankan níbí.

Ẹ̀yìn ni owó máa ń ṣòfò sí. Ó yẹ kí ó fi ínṣì 2 ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn 64 sí 84, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó fẹ̀ ní 45 kò lè tó bí a kò bá rán méjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé méjì tó gùn ní ínṣì 84. Yáàdì bíi 5 nìyẹn. Ẹ gé méjì tó gùn ní ínṣì 64 dípò rẹ̀, kí ẹ rán wọn pọ̀ kí ojú rírán dá aṣọ náà ní ìbú. Méjèèjì á fún yín ní bíi ínṣì 89, ó ju 84 lọ. Ínṣì 128 ni ẹ lò, yáàdì 4 sì tó o pẹ̀lú àṣẹ́kù.

Fún ìgbátí, ìyẹn ọ̀já tí a fi ń bo etí aṣọ yí ká, ẹ gé ọ̀já méje tó fẹ̀ ní ínṣì 2½, kí ẹ rán wọn pọ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ínṣì 17½ ni méjèèje á jẹ, ìdajì yáàdì sì jẹ́ 18. Ó há jù, pàápàá fún aṣọ tí a fọ̀ tó ti súnkì. Ẹ ra yáàdì kan. Gbogbo rẹ̀ di yáàdì 9½.

Àwa mẹ́fà la pín iṣẹ́ náà ṣe. Kálukú rán ìpín tirẹ̀ wá láti ilé, a ní kó jẹ́ ínṣì 12½. Nígbà tí a kó wọn jọ, òmíràn jẹ́ 12, òmíràn 11¾, ẹyọ méjì péré ló pé. Ta ló jẹ̀bi? (Ẹgbẹ́ Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ojú rírán ni. Ẹni tó bá ti ń rán bùbá àti ṣòkòtò ti mọ́ ọn lára láti fi àyè sílẹ̀ kí aṣọ lè ṣeé tú bí ẹni tó ni ín bá sanra. Nínú iṣẹ́ yìí, ìdámẹ́rin ínṣì ni, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìpín tó ní ègé onígun mẹ́rin mẹ́rin ní ìbú àti mẹ́rin ní òró, tí a gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 3½, ní ojú rírán mẹ́ta ní ìbú. Bí a bá fi ìdámẹ́rin rán an, á jẹ́ 12½. Bí ẹnì kan bá fi ìlàjì ìdámẹ́rin ínṣì péré lé e, ojú rírán kọ̀ọ̀kan á jẹ ìdámẹ́rin ínṣì sí i, torí aṣọ méjì ló ń jẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta: 11¾ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìpín rẹ̀, kó gé ọ̀já mẹ́ta tó fẹ̀ ní ínṣì 1½, kó rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kó lọ̀ ọ́, kó wá wọn ti àárín. Ínṣì 1 géérégé ni ó gbọdọ̀ jẹ́. Bí kò bá tó, ojú rírán rẹ̀ fẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ ìdámẹ́rin, nítorí náà ẹ má fi í ṣe òdiwọ̀n. Ẹ fi rúlà wọn ìdámẹ́rin ínṣì sí apá ọ̀tún abẹ́rẹ́, kí ẹ lẹ pílásítà ojú egbò méjì tàbí mẹ́ta léra wọn síbẹ̀, kí etí aṣọ máa gbára tì í. Àwo páálí tó dọ́gba, ìyẹn páálí tí a gé ní ìwọ̀n ègé, ni kí gbogbo yín sì fi gé aṣọ. Ẹnì kan ni kó gé àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwo tí a fi àwo mìíràn gé máa ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù náà tún wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lé aṣọ, kí ẹ gbé e kúrò. Bí ẹ bá ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, aṣọ á fà. Ojú rírán ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sọ́tùn-ún. Ti ìlà kejì, sósì. Bí ìlà méjèèjì bá pàdé, wọ́n á há mọ́ra, igun á sì bá igun.

Èyí tí ẹ ti rán ńkọ́? Ẹ má tú u. Ẹ mú aṣọ aláwọ̀ kan, ẹ gé ọ̀já tó fẹ̀ ní ínṣì 1½, kí ẹ fi yí gbogbo ìpín ká, títí kan àwọn tó pé. Èyí tó kéré jù á di 13¾. Ẹ wá gé gbogbo wọn sí 13½. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi rí tèmi, wọ́n ní ṣé egúngún ni mo fẹ́ gbé ni. Kí ni mo lè ṣe sí i? (Ìyàwó kan, Ìlíṣàn)

Wọn ò parọ́ tán. Aṣọ egúngún náà ń kó onírúurú aṣọ jọ, a sì máa ń fi tuntun kún un. Ohun tí ojú wọn rí ni pé àwòrán ńláńlá pọ̀ jù níbi kan, ojú kò sì rí ibi sinmi. Nínú ègé mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ àwọ̀ kan náà káàkiri: aró, pupa rúsúrúsú, tàbí funfun. Ẹ sì lè sọ fún Ìyá pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Gee's Bend, ní Alabama, Amẹ́ríkà, fi aṣọ iṣẹ́ oko tó ti gbó rán irú èyí, tí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà ní Houston ní 2002. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹbù lẹ́tà.

Kí ni kí n fi sí àárín? Wọ́n ní kí n lo fóòmù. (Òǹkàwé, Ìpẹru)

Ẹ má lo fóòmù. Ihò abẹ́rẹ́ á ya á, omi kì í tètè jáde nínú rẹ̀, bí ó bá sì pẹ́, á máa rún. Òwú àràbà tí a ń kì sínú ìrọ̀rí náà kò dára níbí: á ṣù sí igun kan. Fáíbà tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ àga ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó ń mú ooru, ojú rírán kò sì gbọdọ̀ fi ju ínṣì 4 jìnnà síra, kí ó má bàa ṣù bí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìró òwú tó ti gbó tó ti rọ̀ ló dáa jù, ìpele kan ṣoṣo. Ó tó fún ọyẹ́, kò sì ní máa mú ẹni làágùn bí iná bá lọ. Bí ìró kan kò bá tó, ẹ gbé etí méjì kan ara wọn, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so wọ́n. Ẹ má gbé wọn lé ara wọn, okùn gbọọrọ á yọ lójú aṣọ.

Mo fi ẹ̀rọ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ojú rẹ̀ tẹ́ dáadáa, ẹ̀yìn hunjọ yánkanyànkan. (Aránṣọ, Ìkẹ́nnẹ́)

Eyín abẹ́ ẹ̀rọ ń gbé aṣọ ẹ̀yìn lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ń dá tojú dúró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í wá rìn pọ̀. Bí ẹ̀yìn kò bá sì tẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni á ti ṣẹ́po. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títẹ́jú, kí ojú rẹ̀ dojú bolẹ̀, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tẹ́ láì fà. Ẹ tẹ́ ti àárín lé e, kí ẹ tẹ́ ojú lé e. Ẹ wá fi píìnì onídèrí gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti àárín lọ sí etí, kí àlàfo wọn má ju ìkúùkù kan lọ.

Lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ 16 dípò 14, kí ọ̀nà abẹ́rẹ́ gùn sí i, bíi 8 nínú ínṣì kan. Ẹ tú ìdè orí òpó ẹsẹ̀ ẹ̀rọ díẹ̀ kí ó má tẹ aṣọ jù. Ìlà àkọ́kọ́ gbọdọ̀ jẹ́ ti àárín gan-an. Ẹ gbé tábìlì kan sẹ́yìn ẹ̀rọ kó máa gba ẹrù, torí aṣọ tó bá ń wọ́ sílẹ̀ á fa abẹ́rẹ́ tẹ̀. Bí ó bá ṣì ń hunjọ, ẹ fi ọwọ́ rán an. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ 5 tàbí 6 nínú ínṣì kan tó, bí wọ́n bá ṣáà ti dọ́gba.

Aró àdìrẹ ṣí sára funfun. Ṣé omi iyọ̀ á dì í? (Òǹkàwé, Àgọ́-Ìwòyè)

Iyọ̀ kò lè di aró tó ti gbẹ sára aṣọ, ọtí kíkan náà kò lè dì í. Omi tútù ni kí ẹ máa fi ṣan àdìrẹ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́, ẹ gbé aṣọ funfun lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Bí funfun bá ṣì yí padà, ẹ tún un ṣan. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ sì má lọ̀ ọ́. Ẹ rì í sínú omi púpọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà.

Ọmọ àbúrò mi fẹ́ bímọ, mo fẹ́ fi ọ̀kan ta á lọ́rẹ. Báwo ni kó ṣe tóbi tó? (Ẹ̀gbọ́n ìyá ọlọ́mọ, Òde-Rẹ́mọ)

Ẹ kú ewu ìrètí o. Ínṣì 36 sí 36 dáa. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá ọmọ pé ìtẹ́lẹ̀ ni, ibi tí ọmọ á máa nà sí bó bá wà lójúfò. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, kò yẹ kí aṣọ tó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá ń sùn, torí ó lè bò ó lójú àti nímú. Ẹ má lẹ bọ́tìnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kankan mọ́ ọn, kí ẹ sì ka píìnì yín nígbà tí ẹ bá ń yọ wọ́n, iye tó wọlé ni kó jáde.

Ẹ má sì kó o pamọ́ pẹ̀lú káńfọ̀ roboto inú àpótí aṣọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, G6PD ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òórùn káńfọ̀ yẹn lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, ó sì lè dé ọpọlọ. Bí aṣọ náà bá ti bá káńfọ̀ gbé tẹ́lẹ̀, títí kan ìró àtijọ́ tí ẹ fẹ́ fi sí àárín, sísá sóòrùn nìkan kò tó. Ẹ má lò ó fún ọmọ tuntun. Ẹ wá ègé mìíràn.