Kí o tó ra áńpílífáyà, wo ariwo tó yí ọ ká

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì. O ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta níbí lo ti ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀yin mẹ́fà lẹ jọ wà nínú yàrá kan, o sì fẹ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù kan tí wàá máa lò níbi iṣẹ́ àti nílé, lórí fóònù àti láptọ́ọ̀pù. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà ní Pansẹ́kẹ́ ti sọ fún ọ pé láìsí áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, owó rẹ wọgbó. O wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá oníwáyà ló dáa jù tàbí èyí tí kò ní wáyà. Jọ̀ọ́, má tíì san kọ́bọ̀.

Ohun tó sọ fún ọ yẹn náà ni wọ́n sọ fún mi lọ́dún 2017. Etí mi òsì ni mo fi san án.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: ìpàdé ẹbí, ìwàásù, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kútọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà. Ẹni tó bá mọ Kútọ̀ mọ ohun tí mò ń wí: àwọn ọmọ garéèjì ń pe èrò, mọ́tò ń fọn fèrè, ẹ̀rọ ìlọta wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí mi, jẹnẹrétọ̀ sì ni wọ́n fi ń gbé e tí iná bá lọ. Mo lọ ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀ràn kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ní kí n ra open-back, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, pé kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ dà bíi tirẹ̀. Wọn ò parọ́ nípa ohùn rẹ̀. Nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì àpàlà bàbá mi tí mo gbé sórí kọ̀ǹpútà, mo gbọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, mo tiẹ̀ gbọ́ ibi tí ẹnì kan ti húkọ́ lẹ́yìn agogo. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé ẹ̀yìn tó ṣí yẹn náà ni ariwo ìta ń gbà wọlé. Yàrá tó pa lọ́lọ́ làwọn ti ń lò ó, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ibo ló jókòó sí.

300 óòmù ni tèmi. Óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí hẹ́ẹ̀dìfóònù ṣe ń dènà iná tó ń bọ̀ láti inú fóònù. Kí èyí tó jẹ́ 300 óòmù tó gba mílíwáàtì 1, ìyẹn agbára iná bíńtín tó ń mú un dún, ó ń fẹ́ ju ìdajì fóòtì (V) kan lọ. Èyí tó jẹ́ 38 óòmù kò fẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún fóòtì kan. Lórí fóònù mi, kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi wá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní áńpílífáyà ló kù.

Tòkunbọ̀ ni àkọ́kọ́ tí mo rà. Mo bi ẹni tó ń tà á bóyá iná wa bá a mu, ó ní kò séwu. 120V 60Hz ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí mi ò fara balẹ̀ kà. 230 fóòtì sì ni iná tiwa. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan tí mo fi gbọ́ òórùn ike tó ń jó, ó sì kú. Enjiníà tó tú u gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dún mọ́ títí dòní. Tí o bá máa ra tòkunbọ̀ ohunkóhun, ìbáà jẹ́ bùlẹ́ńdà, dojú ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ka nọ́ńbà ibẹ̀. Tí o ò bá rí 220, 230, 240 tàbí 100-240, gbé e sílẹ̀ fún wọn.

Èkejì ṣiṣẹ́, òun ló sì ṣe mí ní jàǹbá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e dé, mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sára bọ́tìnnì fólúúmù rẹ̀, kí n má bàa kọjá ibẹ̀. Láàárọ̀, kí ọjà tó kún, mi ò kì í dé àmì yẹn. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta, mo á yí i díẹ̀. Tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo á tún yí i. Wákàtí mẹ́fà, wákàtí méje, ojoojúmọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìka mi ti nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò. Gbogbo ohun tí áńpílífáyà ń ṣe fún mi kò ju pé ó ń jẹ́ kí n fi ariwo bo ariwo mọ́lẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, fóònù ì bá ti kọ̀ fún mi, ǹ bá sì ti wá nǹkan míì ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, àdúgbò dákẹ́, mo dùbúlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìrẹ̀. Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá a lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ìka di etí mi méjèèjì, ìrẹ̀ náà ò dákẹ́. Àyà mi já. Àbúrò mi, ìrẹ̀ yẹn ṣì ń ké bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ mi ló wá tú mi fó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fọ̀rọ̀ wá ìyá aládìírẹ kan lẹ́nu wò ní Ìtòkú, ó gbé e fún mi kí n tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà ń ṣàlàyé pé “tí a bá ti sá a tán,” èmi tẹ “tí a bá ti ṣá a tán.” Ibi mọ́kànlá ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ń sọ nípa aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, ìwé mi ń sọ nípa aṣọ tí wọ́n fi àdá ṣá. Ojú tì mí dé egungun. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì ń yé mi, torí pé ohùn tó rinlẹ̀ ló gbé wọn. S àti ṣ ló di ọ̀kan náà létí mi.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago kan ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó rí káàdì mi. Dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò etí mi, ó ní ìdọ̀tí etí ni, ó kọ oògùn tí mo máa kán sí i. Kò bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo la ẹnu láti sọ fún un, ó ti ń pe ẹni tó kàn. Mo kán oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà, wọ́n ní káàdì mi ti sọnù, kí n lọ gba òmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, torí pé gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, mo ṣì ń padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ fi nǹkan yẹn sétí, nígbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe mí. Obìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ yẹ etí wò, níbòmíràn, ló tó jókòó tì mí. Ó fi bébà hàn mí: ìlà etí òsì mi ń lọ geere, ó dé 4,000 Hz, níbi tí ohùn ti tínrín, ó já lulẹ̀. Ó ní àpá ariwo nìyẹn, pé irun wẹ́wẹ́ inú etí tó bá ti kú kì í hù mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ òdiwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí etí má kọjá: dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá fi di 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ni. Ẹ tún jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má da òróró gbígbóná sétí tó ń hó.

Ó dáa, ìbéèrè tìẹ. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa ni kí o rà fún ọ́fíìsì, kí óòmù rẹ̀ má sì pọ̀. Audio-Technica ATH-M50x jẹ́ 38 óòmù, Sony MDR-7506 jẹ́ 63. Fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù lásán lè gbé méjèèjì, o ò nílò áńpílífáyà kankan. Beyerdynamic DT 770 Pro náà dé pa, àmọ́ ó ní 32, 80 àti 250 óòmù. Ka ohun tó wà lára páálí, torí olùtajà lè gbé èyíkéyìí fún ọ. Tí fóònù rẹ ò bá ní ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù, okùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò ṣájà ti sábà máa ń ní áńpílífáyà tirẹ̀ nínú.

Tí o bá ń lo ìgò ojú tàbí híjáàbù, wọ̀ ọ́ lọ dán an wò. Àlàfo bíńtín ní ẹ̀gbẹ́ etí, ariwo ti wọlé, ohùn ìlù tó rinlẹ̀ (béèsì) sì ti lọ.

Èyí tí kò ní wáyà ní áńpílífáyà nínú ikùn rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ta òmíràn mọ́ ọn fún ọ, ń jà ọ́ lólè ni. Èyí tó ń pa ariwo lára wọn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ohùn tó ń lọ bákan náà, bíi jẹnẹrétọ̀, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọ̀rọ̀ ẹnu. Tó bá jẹ́ pé àwọn márùn-ún yòókù ló ń dà ọ́ láàmú, mọ èyí kí o tó náwó sí i.

Tí láptọ́ọ̀pù rẹ bá ń kùn létí rẹ nílé, yọ ṣájà rẹ̀ kúrò ná. Tó bá dákẹ́, iná ló ń bá a jà, áńpílífáyà ò ní wò ó sàn. Èmi ṣì ní open-back mi. Lálẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, tí mo bá ti fèrèsé tán, mo máa ń fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi, áńpílífáyà ò sì kọjá àmì ṣọ́ọ̀kì tuntun tí mo fà. Ibẹ̀ nìkan ló wúlò fún mi.

Tí o bá padà lọ sí Pansẹ́kẹ́, gbé fóònù tìrẹ dání, kí o fi orin tó rọlẹ̀ jù nínú rẹ̀ dán an wò. Sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé kó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí o tó gbé e sétí. Tí o bá gbọ́ orin náà ketekete láì jẹ́ kí fólúúmù kọjá ìdajì, sanwó. Tí kò bá gbà láti tan jẹnẹrétọ̀, kúrò níbẹ̀.