Èsì: Ṣé kí n fi ọ́fíìsì Broad Street sílẹ̀ lọ sí ayé orí kọ̀ǹpútà?

Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ẹ má tíì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Yàrá orí kọ̀ǹpútà, níbi tí àwòrán tó ń ṣojú yín àti èyí tó ń ṣojú oníbàárà yóò ti jókòó pọ̀, kò lè rọ́pò ọ́fíìsì. Ó dára fún ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹni tó wà lókè òkun, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jẹ́ àṣírí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni ayé yẹn. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ lè wà nínú ẹ̀rọ wọn.

Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ gan-an ni ìjà tó ń tinú ibẹ̀ jáde. Ọmọkùnrin kan ní Yábà, tó ń ta aṣọ tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń wọ̀, wá bá mi nígbà tí wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ó dùn mí títí di òní. Nítorí náà, bí ìjà bá ti ń rúgbó bọ̀:

1. Kí oníbàárà ya àwòrán ojú-ewé náà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.
2. Kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ya àwòrán náà buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 ń béèrè.
3. Ẹ ka àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó ni ayé náà. Bó bá ní Amẹ́ríkà lẹ ó ti rojọ́, ẹ má tètè gbà. Ní 2007, ilé-ẹjọ́ kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti tẹ̀lé àdéhùn tó ní kí oníbàárà lọ rojọ́ níwájú onílàjà ní San Francisco, nínú ẹjọ́ lórí ilẹ̀ inú Second Life, ayé orí kọ̀ǹpútà kan.