Ta ni Grand Slam rẹ̀ (ife ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹníìsì) pọ̀ jù, Mike Bryan tàbí Bob, ìkejì rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn ní pápá tẹníìsì OAU n'Ífẹ̀, kò sí ẹni tó parọ́ nínú yín.

Àwọn ìbejì ará Amẹ́ríkà yìí jọ gba Grand Slam 16 nínú ìdíje ọkùnrin méjì-méjì. Lọ́dún 2018, ìbàdí Bob bàjẹ́ débi pé irin ni wọ́n fi rọ́pò oríkèé rẹ̀ (ó sì tún padà wá gbá tẹníìsì lọ́dún 2019, ẹ gbọ́ nǹkan!). Mike wá mú Jack Sock, ará Amẹ́ríkà bíi tiwọn, ṣe ẹnìkejì lórí pápá, wọ́n gba Wimbledon àti US Open ọdún 2018. Ti Mike di 18.

Àmọ́ bí ẹ bá ka ìdíje takọtabo mọ́ ọn, Bob ní 23, Mike ní 22.

Mike ni wọ́n kọ́kọ́ bí, òun ni Táíwò.