Kí ló dé tí ẹsẹ̀ ajá fi máa ń gbọ̀n tí a bá ń họ ọ́ níkùn?

Ajá kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ láti họ ara, láìdúró de ọpọlọ.

Tí ìka wa bá ń họ ojú kan léraléra, iṣan ìmọ̀lára tó wà lábẹ́ awọ á gbà á bí ìgbà tí eégbọn ń rìn níbẹ̀. Ìròyìn á dé ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ kan náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Charles Sherrington, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1906: kódà lára ajá tí wọ́n ti gé okùn iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára ọpọlọ, ẹsẹ̀ ṣì ń họ, bí ìgbà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Híhọ ẹ̀yìn àti ìhà méjèèjì ló máa ń tètè mú ẹsẹ̀ gbọ̀n. Fífi àtẹ́lẹwọ́ ra ajá lára jẹ́jẹ́ sábà máa ń kéré jù láti mú un ṣẹlẹ̀, àwọn ajá mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe é rárá.

Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí pé inú ajá dùn. Ẹ dá ọwọ́ dúró ná: tó bá sún mọ́ yín, ó ń fẹ́ sí i, tó bá ká etí sẹ́yìn, tó ń lá ètè tàbí tó yẹra, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ń họ ara ṣáá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án lè ní eégbọn, àrùn awọ tàbí egbò inú etí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.