Èsì: Ọmọ ọdún 9 tí kò lè kàwé, tí tíṣà ń pè ní olódo

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ yín tí kò lè kàwé. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ yẹ ojú àti etí wò ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ṣágámù. Ọmọ tí kò rí pátákó ìkọ̀wé kedere kì í ṣe olódo, ohun yòówù kí tíṣà wí.

Bí ojú àti etí bá dá ṣáká, tó mọ ṣéńjì gbà lọ́jà, síbẹ̀ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ kan sáíkọ́lọ́jíìsì ọmọ ilé ìwé, ìyẹn onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń ronú àti bí ó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Yóò dán an wò nínú kíkà, ìṣirò àti ìrántí, yóò wò ó ní kíláàsì, yóò sì sọ fún tíṣà bí yóò ṣe máa kọ́ ọ. Kì í kọ oògùn fúnni o, iṣẹ́ dókítà nìyẹn.

Ní abúlé bíi tiyín lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ṣòro kí ẹ rí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ béèrè ibi tí ẹ ti lè rí wọn ní Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun, wọ́n ń kọ́ àwọn agbaninímọ̀ràn níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé iṣẹ́ ọmọ náà dání, èyí tó kún fún àṣìṣe gan-an. Ìtìjú mú kí n kó èyí tó mọ́ jù lọ nígbà tí mo mú ọmọ tèmi lọ. Wọ́n ní kí n padà sílé lọ mú ìyókù wá.