Ẹ má tíì ra páàdì mìíràn

Ẹ ní mọ́tò yín ń ké bí ọmọ eku bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì, àti pé mẹkáníìkì ti pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ariwo ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ojú mi ti rí èyí rí.

Corolla ni mo ń wà n'Ìbàdàn nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra páàdì ní Gate láàárín ọdún kan. Nígbà tí ariwo tún padà dé, mẹkáníìkì yọjú wo páàdì ìta láti ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ní ó ṣì nípọn dáadáa. Mo gbà á gbọ́. Kò pẹ́ tí igbe tín-ín-rín yẹn di ariwo irin tó ń ha irin. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Àrẹ̀mọ lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, mo tẹ bíréèkì, mọ́tò fà sápá òsì. Àyà mi já.

Mẹkáníìkì mìíràn ló tú u. Páàdì ìta nípọn lóòótọ́, àmọ́ ti inú ti jẹ kan irin, ó sì ti gbẹ́ dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí tí páàdì méjèèjì ń fún, bí ẹni gbẹ́ poro. Rọ́bà tó bo píìnì kálípà, ìyẹn irin tí kálípà tó di páàdì méjèèjì mú ń yọ̀ lórí rẹ̀, ló ti ya, omi òjò wọlé, píìnì dípẹtà, kò yọ̀ mọ́. Páàdì inú ni písítọ̀nù, irin inú kálípà tó máa ń yọ síta bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ń tì. Kálípà gbọ́dọ̀ yọ̀ kí ti ìta náà tó lè mú dísìkì. Bí kò bá yọ̀, ti inú nìkan ló ń ru ẹrù méjì. Dísìkì méjèèjì iwájú ni mo pààrọ̀, owó tí ǹ bá má ná ká ní mo ti tètè pààrọ̀ rọ́bà kékeré yẹn.

Gbogbo ariwo kọ́ ló burú o. Èyí tó ń dún láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ orí dísìkì ni. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì díẹ̀, á lọ. Bó bá ń dún láìtẹ bíréèkì rárá, ó lè jẹ́ òkúta ló há sáàárín dísìkì àti páànù ẹ̀yìn rẹ̀. Igbe tín-ín-rín tí kì í lọ sábà máa ń jẹ́ ti ahọ́n irin tí wọ́n fi sára páàdì láti kìlọ̀ pé ó ti fẹ́ jẹ tán. Ṣùgbọ́n irin tó ń ha irin, ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ní kí wọ́n yọ páàdì inú àti ti ìta sílẹ̀ lójú yín, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ti inú bá fi tinrin ju ti ìta lọ dáadáa, kí wọ́n fa píìnì yọ, kí wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, kí wọ́n sì fi gíríìsì bíréèkì pa á. Kì í ṣe gíríìsì lásán tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ìyẹn á mú kí rọ́bà wú. Gíríìsì bíréèkì náà kò sì gbọdọ̀ kan ojú páàdì.